Àpò Bàtà Òsì Tí Bàbá Gbé Lọ Gba Físà

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yẹn tó ní òun ò gbọ́ ìtàn àpò bàtà rí, àná ló kó dé. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà gan-an mọ̀ ọ́n sọ, wọ́n á tún máa bu iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojú Akọ̀wé ló ṣe, torí náà bó ṣe sọ ọ́ ni ká gbà á.

Akọ̀wé yìí ò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kankan o. Àbíkẹ́yìn Bàbá ni, obìnrin sì ni. Ó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò, òun ló ń bá Bàbá kọ gbogbo fọ́ọ̀mù, ni Bàbá bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Bàbá fúnra rẹ̀, ṣúmékà ni. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, pẹpẹ mẹ́ta, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù. Tó o bá wọlé, kó o tó kí i, ó ti wo ẹsẹ̀ rẹ.

Ìgbà kẹta tí Bàbá máa lọ tọrọ físà ni. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, ti bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Wúrà ni Bàbá ń pe ọmọ náà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án nínú fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta, Bàbá ò tíì gbé e rí. Wọ́n ti kọ̀ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ìwé tí wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì sọ pé kò mú ẹ̀rí wá tó fi hàn pé á padà sílé tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

"Tún un kà," ni Bàbá wí.

Akọ̀wé tún un kà.

"Ẹ̀rí pé màá padà? Èmi? Ṣé wọ́n rò pé mo fẹ́ lọ fi ilé mi sílẹ̀ fún eku ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Bàbá gbé àpò ńlá kan sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bàtà àwọn oníbàárà sínú rẹ̀. Òsì, òsì, òsì. Kò fọwọ́ kan ọ̀tún ẹnì kankan.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ẹ́ńbásì, gáàdì dá wọn dúró.

"Bàbá, kí ló wà nínú àpò?"

"Ẹ̀rí ni."

Gáàdì tú àpò, ó wò, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. "Bàtà rèé, Bàbá. Èkejì wọn dà?"

"Ẹ ṣeun!" Bàbá dì mọ́ ọn. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò tíì jókòó, ẹ ti béèrè ìbéèrè tó yẹ. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wà nínú gíláàsì yẹn."

Obìnrin kan tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò ló wà nínú gíláàsì, ògbufọ̀ ọkùnrin kan tó wọ awò ojú sì dúró tì í. Kí wọ́n tó kí Bàbá tán, ó ti tú àpò dà sílẹ̀. Bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òsì gbogbo wọn.

"Èyí ti Tíṣà ni. Èyí ti Ìyá Aránṣọ. Èyí ti oníbúrẹ́dì, ẹ má fọwọ́ kàn án, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀tún wọn wà lórí pẹpẹ mi nílé, mo sì ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí bàtà èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, ṣé ó lè sá? Tí mo bá sá, ẹ má wulẹ̀ pe ọlọ́pàá. Ìyá Aránṣọ nìkan á wá wọ́ mi wálé."

Obìnrin yẹn wo bàtà, ó wo Bàbá. Ó béèrè pé oṣù mélòó ló fẹ́ lò.

"Mẹ́ta."

Obìnrin mi orí.

"Ó dáa, ẹ mú méjì wá."

"Bàbá," ni ògbufọ̀ wí, "wọn kì í ná an."

"Kò sóhun tí wọn kì í ná láyé yìí, ọmọ mi. Sọ fún un pé oṣù kan." Obìnrin ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. "Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ò gbọ́? Ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ jẹ́ kí n sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí n padà."

Gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì ń na ọrùn. Bàbá wá tẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ó dáa. Kí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kí n fi bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Màá wọ ọkọ̀ yẹn kan náà padà, mi ò ní jáde síta."

Ògbufọ̀ ò túmọ̀ ìyẹn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ibí ni gbogbo àdúgbò máa ń rẹ́rìn-ín dé. Akọ̀wé náà máa ń rẹ́rìn-ín dé ibẹ̀, kó tó wá gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ bomi bọ́jú.

Wọn ò fún un o. Nígbà tí wọ́n délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìyá Aránṣọ ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, bàtà ọ̀tún lẹ́sẹ̀ kan, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ kejì, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Fèrèsé ló gbà yọ ọ̀tún tirẹ̀, àsìkò ibi tó fẹ́ lọ sì ti kọjá.

"Bàbá! Wọ́n ní bàtà mi lọ gba físà. Ṣé wọ́n fún un?"

"Wọn ò fún un, Ìyá."

"Ó kúkú dáa. Kó máà lọ dé ọ̀hún kó ní òun ò mọ̀ mí mọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá Bàtà Òsì ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ẹ má rò pé torí físà ló ṣe ń ná nǹkan o. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Bàbá ò gba iye àkọ́kọ́ rí, kódà lọ́wọ́ òjò. Tí òjò bá ṣú, á jáde síta, á gbójú sókè: "Jẹ́ kí n kó awọ mi wọlé ná, tó o bá fẹ́, gba gbogbo alẹ́." Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, dókítà ní kó lo oògùn mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ní kí dókítà jẹ́ káwọn fi sí méjì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà ò gbà. Bàbá dìde, ó ní kò burú, òun á yí ọjà wò.

Ti fọ́tò ńkọ́? Ẹ́ńbásì ò fẹ́ fìlà, wọ́n fẹ́ rí etí méjèèjì, ẹ̀yìn fọ́tò ní láti funfun, ẹni tí wọ́n ń yà ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá gbà láti bọ́ fìlà. Ó gbà fún wọn ní etí, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú ẹyọ kan. Ẹ̀rín ló dìjà. Gbogbo ìgbà tí onífọ́tò bá ti kà á dé mẹ́ta, Bàbá á rántí ọmọ tóun ń tìtorí rẹ̀ ya fọ́tò, eyín á yọ.

"Bàbá, ẹ ronú nǹkan tó bà yín nínú jẹ́," ni onífọ́tò wí.

"Mo ti ń ronú rẹ̀. Ìyàwó mi tó kú ni mò ń ronú."

"Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ìwọ ò mọ obìnrin yẹn ni."

Ìgbà kẹrin tí wọ́n lọ, wọ́n ti mú títẹ ìka ọwọ́ kún un. Wọ́n ní kó tẹ ìka lé ẹ̀rọ kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kó nù ún, kó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́, òwú àti gọ́ọ̀mù ti fá ìlà ìka Bàbá dànù látijọ́, ó ń dán bí awọ tuntun.

"Wọ́n ní ẹ ò ní ìka, Bàbá," ni ògbufọ̀ wí, ògbufọ̀ ọjọ́sí náà ni.

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni wo bàtà tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. "Mo bí ọmọ méjì, mo fi ìka yìí rán wọn níléèwé. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ yín kó wá sí àdúgbò wa, gbogbo èèyàn ló ń rìn lórí ìka mi."

Obìnrin inú gíláàsì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀, nǹkan kan wà tí Akọ̀wé ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé nígbà yẹn, inú rẹ̀ ń dùn pé òun fẹ́ lo bírò tuntun. Òun àti Bàbá jókòó lórí àga ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ìbéèrè jáde.

"Wọ́n ní ṣé wọ́n ti lé yín kúrò ní ìlú kankan rí."

"Wọn ò tíì jẹ́ kí n wọ ọ̀kankan, ibo ni wọ́n á ti lé mi?"

"Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ 'rárá'. Wọn ò mọ àwàdà."

"Wọ́n ní báwo lẹ ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀."

Bàbá fi hámà sílẹ̀. "Kọ ọ́ pé, títí màá fi wo ọmọ ọmọ mi yó."

Akọ̀wé sì kọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó fi èdè òyìnbó kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tò lọ gbọọrọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ fún Bàbá, oníkọ̀ǹpútà àdúgbò rí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yẹn, ó ká ọwọ́ lérí. "Ha, àǹtí! Iye ọjọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ fún ẹni tó kọ irú èyí ní físà? Wọ́n á ní ó fẹ́ kó lọ pátápátá ni. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti kọ̀ féèyàn báyìí, ó di kí wọ́n máa kọ̀ ọ́ lọ."

Akọ̀wé ò sọ fún Bàbá. Ó ní lọ́la lòun á sọ ọ́, ó tún ní lọ́la. Ọdún ń gorí ọdún. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún kọ̀, tí Bàbá bá ń dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ tí Akọ̀wé fi kọ̀wé á máa wúwo lára rẹ̀.

Bàtà tún wà níbẹ̀ o, kó máa rán an létí. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá fẹ́ lọ tọrọ físà, á kọ́kọ́ ṣe bàtà fún Ẹlẹ́sẹ̀-Wúrà. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé á gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ìwé lọ́hùn-ún, á fi bírò yí i ká, á fi ìwé náà rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bàbá á gé awọ rẹ̀, á wá fi ìbú ìka kan kún un níwájú.

"Bàbá, ó ti tóbi jù," ni Akọ̀wé sọ nígbà kan.

"Ìka ẹ́ńbásì nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de físà."

Tí wọ́n bá ti kọ̀, bàtà á gorí pẹpẹ òkè. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó fi wọ́n ránṣẹ́. Kò gbọ́. Ó ní ẹsẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà, òun fúnra òun lòun máa kúnlẹ̀, tóun máa fi bàtà sí ọmọ lẹ́sẹ̀, bóun ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbàárà òun. Bí wọ́n ṣe tò sórí pẹpẹ nìyẹn: ti ọmọ ọwọ́, tó dà bí ọmọ ẹyẹ méjì, ti ọlọ́dún méjì, ti ọlọ́dún mẹ́ta, ti ọlọ́dún márùn-ún. Tó o bá tẹjú mọ́ ọn, o máa rò pé ọmọ kan ló ń rìn bọ̀ lórí pẹpẹ.

Ìkarùn-ún ni kò ṣe tán. Ọmọ ti pé ọdún méje. Bàtà pupa ni, ọ̀tún ti parí, òsì ku rírán ìsàlẹ̀ rẹ̀ níhà kan. Ọ̀sán ni. Akọ̀wé gbé omi lọ fún un, ó bá a lórí àga, bàtà lórí orúnkún, abẹ́rẹ́ nínú awọ. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣí díẹ̀ báyìí, bó ṣe máa ń ṣí i tó bá fẹ́ sọ pé iye yẹn ti pọ̀ jù. Akọ̀wé dúró, ó ń retí pé kó sọ iye tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ iye kan fún Bàbá, tí kò sì dá a padà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, wọ́n ń wá fọ́tò tí wọ́n máa gbé síwájú. Ti físà nìkan ló wà nílé, Bàbá sì le nínú wọn bí adájọ́. Ìgbà yẹn ni onífọ́tò wọlé, àpò ìwé kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín, tí kò wúlò fún ẹ́ńbásì, ó ti kó wọn pa mọ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ìyá Aránṣọ mú ọ̀kan, ó ní, "Òun nìyí. Ẹ yé dà wá láàmú." Bàtà tí Bàbá tún ṣe ló sì wọ̀ wá, tòsì tọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n ò lè dé kí wọ́n tó sin ín. Torí kí ni? Torí físà! Ìwé ìrìnnà ìlú òkè òkun ni Ẹlẹ́sẹ̀-Wúrà ní, àwọn náà sì ní láti tọrọ físà fún un kó tó lè wá sílé bàbá rẹ̀ àgbà. Oṣù kejì ni wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga Bàbá, kò tíì bọ́ gèlè.

"Àbúrò mi, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. O mọ ohun tí wọ́n béèrè? Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ọmọ mi á padà."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di ara wọn mú, títí tí kì í fi ṣe ẹ̀rín mọ́.

"O ò tíì gbọ́ ti pápá ọkọ̀ òfuurufú," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó ń nu ojú. "Òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé wa ní òun fún ọmọ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ọmọ yìí wò ó lójú, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi sí ogójì.' Ọkùnrin náà ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní bàbá òun àgbà ni, lórí fóònù."

"Ṣé ó gbà?"

"Ó fún un ní márùndínlógójì!"

Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti sọ ọ́. Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ti fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ti 'títí màá fi wò ó yó', ti oníkọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀. "Èmi ló fà á, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kó rí ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ ọ̀hún, ọwọ́ ìkọ̀wé, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun témi náà kọ sínú lẹ́tà tí mo fi pè é wá? Wọ́n ní kí n kọ iye ọjọ́ tó máa lò lọ́dọ̀ mi. Mo kọ ọ́ pé, títí tá a máa fi sú ara wa. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń rò pé èmi ni."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Ọmọ Bàbá Bàtà Òsì kọ́ ni wá ni?"

Ẹlẹ́sẹ̀-Wúrà ti gun àpótí, ó ti kó àwọn bàtà sílẹ̀. Ó wọ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ ọwọ́, ìka méjì ló wọ̀ ọ́. Ti ọlọ́dún méjì, ìdajì ẹsẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ títí ó fi dé orí èyí tó pupa. Akọ̀wé ló parí òsì rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ wọ́ bí ọ̀nà èèrà. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, ó fi bàtà sí i. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àyè díẹ̀ ṣẹ́kù níwájú.

Ọmọ tẹ ibẹ̀. "Ìka ta ló ṣẹ́kù síbí?"

"Ìka ẹ́ńbásì ni," ni Akọ̀wé wí.

Bàtà yẹn ni ọmọ wọ̀ fún ọjọ́ márùndínlógójì. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa padà, ọkọ̀ ti dúró níta, wọ́n ń pè é, kò dáhùn. Wọ́n bá a lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, bàtà pupa ọ̀tún nínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gbé òsì sórí pẹpẹ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, ó sì ń tún un tò kó lè kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Kí nìyẹn, màmá mi?" ni Akọ̀wé bi í.

Ọmọ wò ó bí ẹni wo ẹni tí ò mọ nǹkan. "Ẹ̀rí ni."

Akọ̀wé ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó ń ran bàtà, ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti ń tọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa rí bàtà pupa yẹn, wọ́n á ní kó tà á fáwọn, kó bá wọn wá èkejì. Á ní rárá, olówó rẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n á ní kó gba báyìí, wọ́n á fi kún un, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Á kàn máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín. Nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í ná nìyẹn.